Wòlíì àti ààfáà ń ná ewúrẹ́ kan ṣoṣo: ṣé a ti tàbùkù ẹ̀sìn ni?

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ńlá mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ eré wa ò tóbi. Fídíò kéékèèké là ń yà, tá à ń gbé sórí Facebook àti TikTok. Èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé: obìnrin kan ń wá ọmọ. Ó lọ bá wòlíì, wòlíì ní kó mú ewúrẹ́ funfun wá. Ó lọ bá ààfáà, ààfáà náà ní ewúrẹ́ funfun ni. Obìnrin yìí kó owó fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n bá òun rà á. Bí wòlíì àti ààfáà ṣe pàdé lọ́jà nídìí ewúrẹ́ funfun kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. Wọ́n ń ná an, wọ́n ń já okùn ẹ̀ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè fọ̀, ààfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì lé ewúrẹ́ lórí kí iye owó ẹ̀ lè wálẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́. Ti wòlíì, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Ti ààfáà, fóònù wa ò sinmi mọ́. Wọ́n ní ká yọ ọ́ kíá, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń ya fídíò. Nínú ẹgbẹ́, àwọn kan ní ká yọ ọ́, àwọn kan ní a ò ní yọ ọ́. Kí lẹ rí sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ẹlẹ́sìn kankan níbí.

Ìyá_Ìbejì_Mushin:

Yéè, mo ti wò ó! Ibi tí ẹlẹ́wúrẹ́ ti ní "ẹ̀yin méjèèjì, èmi ò gba àdúrà, owó ni mò ń gbà" ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Mùsùlùmí ni mí o. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí mi ò tíì fojú ara mi rí.

Kọ́lá_Òṣogbo:

Ẹ yọ ọ́. Ẹ ò rántí oṣù keje 2023 ni? Fídíò orin Logos Olori tí Davido gbé sórí Twitter: àwọn ọkùnrin inú jálàbíà funfun ń kírun lórí ẹní, kò pẹ́, wọ́n dìde, wọ́n ń jó. Olórin fúnra ẹ̀ gun òrùlé mọ́sáláṣí. Fídíò tí ò tó ìṣẹ́jú kan! MURIC, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ Mùsùlùmí, bọ́ síta pé àwọn fẹ́ àforíjì, àwọn ọ̀dọ́ kan sun àwòrán Davido ní gbangba lókè Ọya. Davido tó lówó, tó lórúkọ, tó lẹ́ṣọ̀ọ́, ó yọ ọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ta ni yóò ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀yin?

Tíṣà_Ìmẹ̀kọ:

Kọ́lá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lo sọ, ẹ̀rù sì ní ìdí tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé wa ná.

Níbi tí mo ti wá, láàárín àwọn Kétu, Ẹ̀fẹ̀ máa ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òru ni, lójú ọjà. Ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á ṣàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa pe olúkúlùkù jáde. Olówó ahun, ìyàwó tó ń ṣe àgbèrè, baálẹ̀ tó jẹ owó ìlú, babaláwo tó ń purọ́, gbogbo wọn ló ń kàn. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú un fún ohun tó kọ lóru yẹn. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àwa ò dúró de UNESCO ká tó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ tún wo ti àwọn alárìnjò. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé. Ní oṣù kejì, wọ́n ṣeré fún un lójú Aláàfin, ẹni tó gba ìyìn jù níbẹ̀ ni eégún kan tí wọ́n ṣe bí òyìnbó: ó funfun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fín aáṣáà, ó ń fọwọ́ rọ́wọ́, ó ń rìn bí ẹni tó bọ́ bàtà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀. Clapperton jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Àlejò ọba ni o.

Ọ̀gbẹ́ni_Gbàgbọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ ìtàn, tíṣà. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè fún aláwàdà. Ààfáà yín ké Kùránì gidi. Wòlíì tiwa, "ràbàṣàtà kòbòkòbò" lẹ fi sí i lẹ́nu. Ṣé a ò lè rí èdè gidi fọ̀ ni? 😂 Àwa Ìjọ Aláṣọ Funfun ti di àpótí ìlù fún gbogbo yín, ẹni tó bá ti fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín á lọ ra sùtánà. A kì í bínú ṣá.

Ààfáà_Ìwó:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo wo fídíò náà tán kí n tó sọ̀rọ̀.

Ààfáà tó ń gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń wójú Ọlọ́run fún ọmọ, ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Èmi gan-an ń sọ̀rọ̀ sí wọn lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, àwọn ni wọ́n bà wá jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òṣèré yín ń ké lé ewúrẹ́ lórí, Fátíhà ni, ojúlówó, kò ṣì í kà. Fátíhà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààfáà. Lójú Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò sí ìrun tá a kì í kà á nínú ẹ̀. Ohun tó bí àwọn èèyàn nínú nípa fídíò Davido náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí olórin má jó, ìrun ni wọ́n sọ di ijó.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ mú yín o. Mo ní ó dùn mí ni. Ṣé èèyàn ò tún lè sọ pé nǹkan dun òun mọ́, kí wọ́n má pè é ní agbésùnmọ̀mí?

Ràṣídì_Eléré:

Èmi ni mo ṣe ààfáà nínú fídíò yẹn. Ilé kéú ni mo ti jáde, bàbá mi ni mùállímù tó kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ké Fátíhà. Nígbà tá à ń dánra wò, wọ́n ní kí n kàn máa pariwo ohun tó jọ Lárúbáwá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù. Mo kọ̀. Tí mo bá ń sọ wérewère, ta ni à ń fi rẹ́rìn-ín? Èdè tí gbogbo Mùsùlùmí fi ń gbàdúrà ni, títí kan ìyá mi ní ilé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ké ojúlówó, tí mo sì ń fi ná ewúrẹ́, èmi tí mò ń ké e là ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun mímọ́ lẹ́nu olè: ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ nìyẹn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ààfáà onírọ́ kì í fi wérewère lu jìbìtì, Kùránì gidi ló ń kà.

Ààfáà_Ìwó:

Ràṣídì, ọmọ mi, mo gbọ́. O ronú ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe fóònù yín lọ. Òótọ́ ni nípa wérewère, ìyẹn ti ń bí mi nínú ọjọ́ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo fídíò yín nínú danfo, tó kàn rí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò ní rí èrò inú ẹ. Fátíhà àti ewúrẹ́ ni yóò rí.

Ọmọ_Awo:

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ohun mímọ́. Nínú fíìmù Yorùbá, ta ni ó máa ń wọ aṣọ pupa, tó ń fi ẹfun kun ojú, tó ń fi orí èèyàn ṣoògùn owó? Babaláwo. Ẹsẹ Ifá wo ni wọ́n ń ké sí i lẹ́nu? Wérewère tí Ràṣídì kọ̀ láti ṣe sí Kùránì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é sí Ifá. Pásítọ̀ á wọlé níparí, á pariwo "Jésù!", ọ̀pẹ̀lẹ̀ á jóná, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n sun àwòrán olùdarí fíìmù kan torí ẹ̀?

Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé. Ẹni tó bá ilé, òun ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Ìyẹn ò tiẹ̀ tó. Ní 2023 yẹn kan náà, nígbà tí Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó ń fún òṣìṣẹ́ nísinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, wọ́n lọ bá olórìṣà obìnrin kan nílé ní Ìlọrin pé kò gbọdọ̀ ṣọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Soyinka kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà lórí ẹ̀. Oṣù kẹjọ, ọlọ́pàá wá mú Tani Olohun, oníṣẹ̀ṣe kan, n'Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ Ìlọrin torí ohun tó sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi wà látìmọ́lé. Bí oníṣẹ̀ṣe bá bú ààfáà, ẹ̀wọ̀n. Bí ààfáà bá bú òrìṣà, wáàsí ni.

[Alábòójútó: A ti yọ ìdáhùn méjì tó tẹ̀ lé èyí kúrò. Ọ̀kan ṣépè fún Ọmọ_Awo, èkejì bú Ànábì. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ sinmi.]

Ọmọ_Ìlọrin:

Ọmọ_Awo, mi ò ní jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí Tani Olohun ń sọ nípa àwọn ààfáà náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ṣá, èébú ni, ẹ lọ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé Ìlọrin ò mọ̀ ju wáàsí lọ, ibo ni orin dàdàkúàdà ti wá? Inú ìwì Egúngún ló ti yọ. Odòlayé Àrẹ̀mú tó ń kọ ọ́ ò ya ẹnì kankan sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló sì ń ná owó fún un. Ìlú tó bí irú olórin bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa fi ọlọ́pàá dáhùn èébú. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọmọ_Awo:

Tó bá jẹ́ èébú, kí ó bú u padà. Ẹnu ò wọ́n n'Ìlọrin.

Lọ́yà_Àkúrẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá òfin sí i, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí lápá ìhín.

Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò yín, abala 38 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀sìn. Abala 45 wá gbà kí ìjọba fi òfin dín in kù nítorí ààbò, àlàáfíà ìlú, ìwà tó tọ́ láwùjọ, ìlera, tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ yẹn wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ ò tì.

Òfin ìwà ọ̀daràn tá a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ṣì wà, abala 204 ẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún ẹni tó bá ṣe ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn kan kà sí ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn wọn ní gbangba. Ohun tí kóòtù gbọ́dọ̀ wò ni èrò ọkàn: ṣé o ṣe é kí wọ́n lè rí i bí ìwọ̀sí? Ohun tí Ràṣídì kọ sókè yẹn, kó tọ́jú ẹ̀, àwíjàre gidi ni. Àmọ́ ọlọ́pàá kì í sábà dá ara ẹ̀ láàmú pẹ̀lú 204. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti 2015, abala 24, ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ti tún un ṣe ní 2024, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń nà án kọjá ibi tó yẹ kó dé.

Kí n má gbàgbé: ẹni tó ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù yín, ìhàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ lòun náà. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀ àti àkókò tó pè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè bóyá fídíò rú òfin, ẹ ò béèrè nípa fóònù yẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Kánò:

Lọ́yà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, eré lẹ̀ ń ṣe. Kánò ni wọ́n bí mi sí. Ní oṣù kẹta 2020, ọmọkùnrin olórin kan níbí, Yahaya Sharif-Aminu, fi orin kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ní ó gbé ọ̀gá ẹ̀sìn kan ga ju Ànábì lọ. Wọ́n sun ilé bàbá ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, kóòtù ṣàríà ti dájọ́ ikú fún un, kò sì ní lọ́yà tó gbẹjọ́ ẹ̀ rò. Kóòtù gíga ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Yahaya gbé e lọ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kóòtù ECOWAS ní oṣù kẹrin 2025 ní òfin Kánò yẹn ò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu. Títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ẹ̀ l'Ábújá ní 2025, inú ẹ̀wọ̀n ló ṣì wà.

Mùsùlùmí ni o! Orin ẹ̀sìn ló kọ. Kì í ṣe aláwàdà, kò fi ẹnì kankan ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ń sọ pé kí aláwàdà ṣọ́ra, ta ni yóò ṣọ́ra fún ẹni tó rò pé Ọlọ́run lòun ń yìn?

Ẹ tún rántí Deborah Samuel ní Sókótó, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lókùúta pa nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tí kóòtù dá lẹ́bi ikú ẹ̀.

Ààfáà_Ìwó:

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sìn. Ẹni tó pa ọmọbìnrin yẹn, ó pa èèyàn ni, kò sí orúkọ míì fún un. Mo sọ ọ́ lórí mínbárì lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn kan dìde kúrò níwájú mi. Ẹ má wá so ẹni tó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ Fátíhà kúrò" pọ̀ mọ́ ẹni tó gbé òkúta.

Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Kánò:

Mi ò so yín pọ̀, Ààfáà. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ní òkúta lọ́wọ́ máa ń dúró de ẹni tó ní "ẹ jọ̀ọ́" kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn yín ló ń sá sí.

Bọ̀dá_Peckham:

Ẹ má rò pé òyìnbó ti yanjú ẹ̀ tán o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin ọ̀rọ̀ òdì wà títí di 2008 kí wọ́n tó fagi lé e, ẹ̀sìn Kìrìsìtì nìkan ló sì ń dáàbò bò. Ní 1977 wọ́n fi dá ìwé ìròyìn kan lẹ́bi torí ewì nípa Jésù. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí wá fẹ́ lò ó nítorí ìwé kan tó bí wọn nínú, kóòtù ní 1990 ní kò kàn wọ́n. Ọmọ_Awo, ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè yín, ayé ló ń béèrè ẹ̀: ta ni òfin kà sí ẹni tí nǹkan lè dùn?

Lọ́dún 2025, ọkùnrin kan sun Kùránì níwájú ilé aṣojú ìjọba Tọ́kì ní Lọndọnu. Kóòtù kékeré dá a lẹ́bi ní oṣù kẹfà, kóòtù tó ga jù ú lọ dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó yọ ọ̀bẹ sí i lọ́jọ́ náà jẹ́jọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lójú tèmi, ibi tó dára níbẹ̀ nìyẹn. Ìwé sísun yẹn burú, ìwà ẹ̀gbin ni, mi ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀bẹ ni ẹjọ́ ọ̀bẹ.

Kọ́lá_Òṣogbo:

Gbogbo àlàyé yín dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn mi. Ta ni yóò ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù?

Tíṣà_Ìmẹ̀kọ:

Kọ́lá, ìbéèrè ẹ ló ṣòro jù níbí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ ní ìlú lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ lóru yẹn ló mọ ilé bàbá ẹ̀, òun náà mọ tiwọn. Ẹni tí ọ̀kọrin kọrin bú lè kó ẹbí ẹ̀ wá fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àgbà. Fídíò ò ní lójú ọjà. Ẹni tó ń wò ó ní Máídúgùrì ò mọ Ràṣídì, kò mọ bàbá ẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ààbò tí àṣà fún ọ̀kọrin, ọwọ́ ìjọba ló yẹ kó wà báyìí. Ìjọba sì ni ẹni tí Ọmọ_Awo ní ó ń gbé àwọn èèyàn ẹ̀ lọ Ìlọrin.

Soyinka kan náà ló ní Davido ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àforíjì. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n Soyinka ni Soyinka. Ràṣídì ń gun ọ̀kadà lọ sílé lálẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni_Gbàgbọ́:

Ká fi ti Ọlọ́run ṣe é, ẹ jẹ́ kí wòlíì náà máa ké Kùránì, kí ààfáà máa fi èdè fọ̀. Gbogbo wa á jọ bínú pọ̀.

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. A ṣèpàdé lánàá, ó gbóná. A ò yọ fídíò. A máa pa ohùn Fátíhà níbi tí ààfáà ti ń ké e, ẹnu ẹ̀ á máa mì, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ewúrẹ́ nìkan lẹ máa gbọ́. Ràṣídì ò bá wa sọ̀rọ̀ látàná. Ó ní a ti sọ òun di ẹni tó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ohun tí òun ní òun ò fẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́yà, a ti kọ nọ́ńbà ẹni tó pè sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, a máa kó o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ajé.

Ọmọ_Awo:

Mo lọ wo ojú ìwé yín lórí Facebook. Fídíò kan wà níbẹ̀ tí babaláwo ti ń fọ̀rọ̀ wá owó nídìí Ifá, tó ń ké "ìgbín gbín, àgbín gbín," tó sì ń gbé owó jáde lábẹ́ ọpọ́n Ifá. Ta ló máa pa ohùn tìyẹn?

Aláwàdà_Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti pẹ́.

Ọmọ_Awo:

Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mushin:

Èmi ti fi ti ewúrẹ́ pamọ́ sórí fóònù mi kí wọ́n tó pa ohùn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó bọ́ sí ìkọ̀kọ̀.